Ìwé Onílẹ̀ Nìkan Ò Tó Dájọ́

Ṣé ẹ mọ ọ̀dùnkún tí à ń pè ní "Irish" lọ́jà? Ní 1845, àrùn kan kọlu ọ̀dùnkún yẹn káàkiri orílẹ̀-èdè Ireland. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Phytophthora infestans ló fà á, ó sì ń sọ ọ̀dùnkún di jíjẹrà nínú ilẹ̀. Oúnjẹ yìí ni ọ̀pọ̀ tálákà ibẹ̀ ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Bí ìyàn ńlá ṣe dé nìyẹn. Nígbà tí ìjọba ka èèyàn ní 1841, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 8. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 1851, wọn ò tó mílíọ̀nù 7 mọ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló kú, àwọn tó sì sá kúrò nílùú ò kéré síyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe àrùn ọ̀dùnkún ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìwé ni. Àwọn onílẹ̀ ńláńlá ní Ireland máa ń ní kí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ wọn, wọ́n sì máa ń ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ sí. Àwọn kan ka ìwé wọ̀nyẹn sí òtítọ́ pọ́nńbélé torí pé nọ́ńbà ló kún inú wọn. Èmi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ọ̀hún. Awọnlẹ̀ ayé ìgbà yẹn máa ń gbé ẹ̀wọ̀n irin lọ sóko, á pín oko sí onígun mẹ́ta lóríṣiríṣi, á wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ro wọ́n pọ̀. Ìmọ̀ gidi nìyẹn, kò sí àwàdà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìwọnlẹ̀ ti Ireland gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 21, nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 àbọ̀. Ọ̀pá 160 níbùú lóròó ló ń di éékà kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: éékà Ireland jẹ́ yáàdì 7,840 níbùú lóròó, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4,840. Tí ìwé kan bá sọ pé ẹnì kan ń dáko lórí éékà 5, ó lè jẹ́ éékà 8 nínú ìwé míì. Ilẹ̀ ò kúrò níbi tó wà o. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.

Ìyẹn ṣì kéré. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Strokestown, ní agbègbè Roscommon, lórí ilẹ̀ ìdílé Mahon. Denis Mahon ló jogún ilẹ̀ náà ní 1845, ọdún tí àrùn bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ìṣákọ́lẹ̀ ti gorí ara wọn. Ó gbé àbójútó ilẹ̀ fún ìbátan rẹ̀, John Ross Mahon, ìyẹn sì ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Òfin kan ti wà láti 1843: bí iye tí ìjọba dá lé ilẹ̀ tí ẹnì kan ń dáko lé ò bá ju £4 lọ, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò san owó orí tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn aláìní, ní orúkọ ilẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ rí ohun tó fà? Bí oko ẹnì kan bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣe ń di ìnáwó nínú ìwé onílẹ̀. John Ross Mahon ṣírò, ó rí i pé kí wọ́n sanwó ọkọ̀ àwọn èèyàn náà lọ sí Kánádà yóò dín owó ju kí wọ́n máa bọ́ wọn ní ilé àwọn aláìní. Ní 1847, èèyàn 1,490 fi ẹsẹ̀ rìn láti Strokestown dé Dublin. Láti ibẹ̀, wọ́n kọjá sí Liverpool, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Quebec. Ọ̀pọ̀ wọn kú lójú omi tàbí kété tí wọ́n gúnlẹ̀. Ọkọ̀ pósí ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ní ọjọ́ 2 oṣù November ọdún yẹn, wọ́n yìnbọn pa Denis Mahon.

Ìṣirò ọkùnrin yẹn lè má ní àṣìṣe kankan. Ìbéèrè tó fi bẹ̀rẹ̀ ni mo ń bá jà: ó béèrè iye tí èèyàn máa ná òun, kò béèrè bí èèyàn ṣe máa yè é.

Ẹ tún wo àwọn tí kò sí nínú ìwé. Ìwé ìṣákọ́lẹ̀ kì í ka èèyàn, ẹni tó ń sanwó ló ń kà. Níbi tí ìdílé bíi mélòó kan bá ti pawọ́ pọ̀ gba ilẹ̀ kan, orúkọ ẹnì kan ni wọ́n sábà máa ń kọ, wọ́n á wá fi "àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀" tì í. Ó parí! Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ẹni tó tún gba abá kékeré lọ́wọ́ ẹni tó gba ilẹ̀ ńkọ́? Kò sí wọn níbẹ̀. Ní 1848, Bíṣọ́ọ̀bù George Browne ti Elphin gbé orúkọ jáde, ìdílé sí ìdílé, àwọn tó ní wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ Mahon. Wọ́n lé ní 3,000 èèyàn. Àríyànjiyàn ńlá ló dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé méjèèjì síra wọn, ẹ máa rí ohun tí ọ̀kan fi pa mọ́ fún yín. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dáná sun ìwé aninilára." Rárá o! Ní ọjọ́ 30 oṣù June 1922, nígbà ogun abẹ́lé, iná jó ilé tí ìjọba ń kó ìwé ìtàn pa mọ́ sí ní Dublin. Orúkọ tí wọ́n kọ nígbà ìkànìyàn 1821 dé 1851, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn di eérú. Lónìí, ìwé onílẹ̀ wà lára ibi díẹ̀ tí ọmọ Ireland ti lè rí orúkọ àgbẹ̀ tó bí baba ńlá rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ tálákà ló wá di ìrántí tálákà.

Ìwé Strokestown gan-an, díẹ̀ ló kù kó bá ìgbàgbé lọ. Oníṣòwò kan ládùúgbò, Jim Callery, ló ra ilé àti ilẹ̀ náà ní 1979, torí pé ó ń wá ilẹ̀ fún iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó bá ìwé rẹpẹtẹ nínú ilé. Lára rẹ̀ ni lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ará Cloonahee kọ ní 1846 pé ebi ń pa àwọn. Callery ò jẹ́ kí wọ́n kó ìwé náà dànù, ìyẹn ló sì bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìyàn tó ṣí níbẹ̀ ní 1994. Ẹ wò ó: nínú àpótí onílẹ̀ kan náà, ohùn ẹni tó jẹ gbèsè wà níbẹ̀. Àfi kí èèyàn wá a.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ti fóònù mi, mo ń wo ìwé ìdíyelé ilẹ̀ Ireland tí Richard Griffith ṣe láti 1847 dé 1864, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ, ilẹ̀, owó. Orúkọ, ilẹ̀, owó. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí owó wọn ò tó £4. Wọ́n pọ̀ jọjọ.

Torí náà, tí wọ́n bá tún gbé data síwájú yín, ì báà jẹ́ ti ọdún 1847 tàbí ti àná, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́? Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ta ni kò sí níbẹ̀?