Ọmọ Tí Kò Mọ Orúkọ Ìyá Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ara rọ̀ ni ó dára kí á sọ ọ́.

Bí ẹ bá bi ọmọ ọdún mẹ́ta léèrè orúkọ ìyá rẹ̀, yóò ní, "Màmá." Bí ẹ bá bi í pé níbo ni ilé wọn wà, yóò na ọwọ́, yóò ní, "Lọ́hùn-ún." A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìbọn bá dún, tí olúkúlùkù ń sá, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, láti 1967 dé 1970, ebi pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Biafra tó bẹ́ẹ̀ tí ikùn wọn wú, tí irun wọn sì pọ́n. Àwọn ọkọ̀ òfurufú tí ń gbé oúnjẹ wọlé lóru a máa kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Gabon, Ivory Coast àti São Tomé. Àánú ni, ó sì gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, ó di pé kí á dá bí 5,000 ọmọ padà fún àwọn ẹbí wọn. Ta ni bàbá ta ni? Láti ìparí 1970 wọ 1971 ni a fi ń kó wọn bọ̀ wálé.

Lónìí ńkọ́? Láti 2009 tí ìjà Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ní Borno, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ ilé mìíràn ju àgọ́ lọ. Ẹ̀yin ìyá oníṣòwò, bí ẹnìkan bá ní òun yóò mú ọ̀kan wá láti ibẹ̀ kí ó máa bá yín kiri ọjà, ẹ bi í pé: ta ni ó yọ̀ǹda ọmọ yìí? Níbo ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 ka títa ọmọ àti rírà á léèwọ̀. Ọmọ kì í sì í ṣe òrukàn kìkì nítorí pé a kò tí ì rí ìyá rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣàánú rẹ̀, kí á bọ́ ọ níbi tí ìyá rẹ̀ lè wá a dé.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín láìní ìwé kankan lọ́wọ́, ẹ má lé e. Ìwé tí a fi ń pe orúkọ ọmọ láràárọ̀ lè jẹ́ ìwé kan ṣoṣo láyé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Lálẹ́ òní, kí ọmọ yín tó sùn, ẹ kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti ìyá rẹ̀, àti ti ìlú rẹ̀, kí ó kà á bí ẹni ń ka A, B, D. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó wúlò. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.