Ta Ni Àjèjì Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Bí owó bá ti wọ́n nílùú, àwọn aláṣẹ a gbàgbé òwe yìí, wọn a ní àjèjì ló ń jẹ oúnjẹ onílé. N kò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà àti Gánà ni ẹ̀rí mi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkànìyàn ọdún 1960 ti fi hàn pé àjèjì tó 12 nínú 100 àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn: ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ṣakí, Ìgbẹ́tì, tí wọ́n ti ń tajà ní Kùmásí àti Tamale láti ayé òyìnbó amúnisìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni kò tilẹ̀ fojú kan ilé bàbá wọn rí.

Kí ni iṣẹ́ wọn? Wọn a ra ọjà ní páálí lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, wọn a tú u sí wẹ́wẹ́, wọn a sì gbé e dé abúlé tí kò ní ṣọ́ọ̀bù: ìṣáná, abẹ́rẹ́, ṣúgà oníhóró. A máa ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn wọ̀nyí ríran o! Ibi tí àwọn ẹlòmíràn kò kà sí ọjà ni wọ́n sọ di ọjà. Nígbà tí wọ́n lọ, ó rọrùn láti gba ìsọ̀ wọn. Ẹni tí wọ́n ń tà fún láwìn àti ẹni tó ń fún wọn lọ́jà láwìn, ìyẹn kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lílé tí wọ́n lé wọn kò sì tún ọrọ̀ ajé ṣe: ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, ìjọba Busia já iye sídì, owó Gánà, wálẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ológun gbàjọba.

Àwa náà kò kọ́gbọ́n. Láti ọdún 1979 ni ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ti sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Ọmọ ya wọ ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ kò tó, àwọn ará Gánà sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ta ni àwọn olùkọ́ yìí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Síbẹ̀, nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀, ìjọba Shagari kéde ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 pé kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Àwọn ará Gánà tó lọ tó bí mílíọ̀nù kan. Ọjà epo lágbàáyé kò mọ̀ pé wọ́n lọ. Kí ọdún náà tó parí, ológun ti gbàjọba níbí náà.

Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bíríkìlà ọmọ onílé tí àjèjì ń gba ìdajì owó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kígbe, n kò sì ní bá a wí. Ṣùgbọ́n kó wo ẹni tí ìdajì yòókù ń wọ àpò rẹ̀. Ẹni tí kò níwèé kò lè fi ọ̀gá tó rẹ́ ẹ jẹ sùn. Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń wá a kiri. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló sọ owó iṣẹ́ di pọ́ọ́kú.

Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà láti ọdún 1979, síbẹ̀ a lé ènìyàn ní 1983, a tún lé wọn ní 1985. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba wa kò ju méjì lọ: ìwé ìgbélùú tí òṣìṣẹ́ lè gbà ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ láìfi owó bọ ẹnikẹ́ni lábẹ́, àti òfin owó iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kan àjèjì àti onílé bákan náà.