Máìlì Tí À Ń Dà Nù

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀, màmá rẹ̀ kó àjọ, wọ́n sì kó owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ejẹ́ǹtì. Nígbà tí a bi í bóyá ó forúkọ sílẹ̀ kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lè máa ka máìlì fún un, ẹ̀rín ló fi wá rín: "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ti àwọn olówó nìyẹn."

A kò gbà. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ta ilẹ̀ kó tó wọ bàálù gan-an ni kò yẹ kó fi ohunkóhun sílẹ̀ níbẹ̀.

A mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Nígbà tí American Airlines dá AAdvantage sílẹ̀ lọ́dún 1981, àwọn oníṣòwò tó ń fò lemọ́lemọ́ ló ń wá. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní ímeèlì lè forúkọ sílẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kì í san ju ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ fún tíkẹ́ẹ̀tì kan náà.

Ohun tó tún ń lé wa sá ni ìmọ̀ràn àwọn òyìnbó. Káàdì báńkì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dárúkọ: gba káàdì yìí, ná iye báyìí, máìlì á rọ̀ bí òjò. Báńkì wo ló fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Akọkà tàbí Ilé-Ifẹ̀ nírú káàdì bẹ́ẹ̀? Ẹ fò ó kọjá. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú ẹgbẹ́ kan. Delta, Virgin Atlantic, Air France àti KLM wà nínú SkyTeam. United, Lufthansa, Turkish àti Ethiopian wà nínú Star Alliance. British Airways, Qatar àti Royal Air Maroc wà nínú oneworld. Gbogbo wọn ló ń gbé èrò láti Èkó. Ẹ ṣí àkáǹtì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ tí ẹ ó máa wọ̀ jù, kí ẹ sì máa kó máìlì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà síbẹ̀.

Orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ lò. Ọ̀kan nínú wa kọ "Seun", Oluwaseun ló sì wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fún ejẹ́ǹtì ní nọ́ńbà yín kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì ju ìwé pélébé tí ẹ fi wọ bàálù nù títí máìlì yóò fi wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ lè béèrè, ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke.

Àwọn kan á ní kò tó nǹkan. Òótọ́ ni. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì Delta, máìlì 5 ni ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ń gbà lórí dọ́là kan, owó orí kò sì sí níbẹ̀. Dọ́là 800 á mú 4,000 wá. Ìyẹn kò lè gbé ọ dé Atlanta, tíkẹ́ẹ̀tì wọn tó rẹlẹ̀ jù kì í tilẹ̀ mú nǹkan kan wá. Ṣùgbọ́n máìlì Delta àti ti Virgin Atlantic kì í kú. Ẹni tó ń lọ fún ọdún mẹ́rin, tó ń wálé ọdún Kérésì, ẹ bá a ṣírò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni tìtorí máìlì ra tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n jù. Ẹni tó fi dọ́là 100 lé owó nítorí máìlì 4,000 ti fi màlúù ra ìrù. Tíkẹ́ẹ̀tì tó bá apò yín mu ni kí ẹ rà, kí ẹ wá gba ohun tó tọ́ sí yín lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ kọ́ àwọn àbúrò yín kí físà wọn tó dé. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kò ní wá yín wálé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.