Lẹ́ńsì Àtijọ́ Yìí Tó Wa Lò: Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Dá Owó SS3 Dúró

Ẹni tó bá ka ara ògiri yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá á ti rí ìkéde pé kí gbogbo ọmọ SS3 mú ₦2,000 wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa lè fi ra lẹ́ńsì tuntun sí kámẹ́rà, ká sì fi ya fọ́tò ìdágbére wọn. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Mo wà níbi ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí. Nígbà tí a dìbò, àwa méjì péré la ní "rárá", àwọn mọ́kànlá ní "bẹ́ẹ̀ ni". Alábòójútó ẹgbẹ́ wa ní bí ọ̀rọ̀ náà bá ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀, kí n lọ kọ ọ́ kí gbogbo ilé-ìwé kà á. Ohun tí mo ṣe nìyí.

Kámẹ́rà wa ò bàjẹ́. Lẹ́ńsì tó bá a wá ló bàjẹ́, torí ó jábọ́ lórí sìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ eré ìje. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti sunkún tó. Láti ọjọ́ náà ni kámẹ́rà ti wà nínú àpò rẹ̀, bí ẹni tí ara ẹ̀ le ṣùgbọ́n tí ojú ẹ̀ fọ́.

Fọ́tò yíyà ni bàbá mi àgbà fi tọ́ bàbá mi dàgbà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Abẹ́òkúta, ó ń lọ sóde ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ibi gbogbo tí èèyàn bá ti wọ aṣọ tuntun. Nikon FM2 tó ń lo fíìmù ló fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí fíìmù wọ́n, tí àwọn oníbàárà sì ń fi fóònù ya ara wọn, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ojú rẹ̀ náà kò ríran dáadáa mọ́. Àpótí onígi kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí lẹ́ńsì méjì wà nínú ẹ̀: 28mm kan àti 24mm kan, f/2.8 ni àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò ti fẹ́ rà á rí ní owó tí kò tó ra búrẹ́dì méjì. Màmá àgbà ní kó tà á. Bàbá ní tí òun bá kú kí wọ́n tà á.

Owe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà bàbá mi àgbà ni mo ń sọ pé ká lò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí níbi ìpàdé, ẹnì kan rò pé gọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ kámẹ́rà. Kámẹ́rà bíi ti bàbá mi àgbà ní dígí kan nínú, tó dagun díẹ̀, tó ń gbé àwòrán lọ sókè síbi tí ayàwòrán ń yọjú wò. Tó bá tẹ bọ́tìnnì, dígí yẹn á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí fíìmù, á sì tún padà sílẹ̀. Dígí tó ń fò nílò àyè. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn lẹ́ńsì fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí fíìmù: lórí Nikon ayé ìgbà yẹn, láti ẹnu kámẹ́rà dé ojú fíìmù jẹ́ 46.5mm. Àwọn kámẹ́rà òde òní tí wọ́n ń pè ní mirrorless ti yọ dígí yẹn dànù, torí náà wọ́n sún ẹnu kámẹ́rà mọ́ inú. Ti Sony jẹ́ 18mm, ti Nikon Z jẹ́ 16mm, ti Canon RF jẹ́ 20mm. Ẹ mú 18 kúrò nínú 46.5, ó ku 28.5mm. Àdápítà ò ju 28.5mm yẹn lọ. Òrùka irin ni, inú ẹ̀ ṣófo, kò sí gíláàsì níbẹ̀, kò sí wáyà. Ó kàn ń dá àyè tí dígí fi sílẹ̀ padà ni. Ẹ sì rí i pé a ò lè ṣe òdìkejì ẹ̀, ká fi lẹ́ńsì mirrorless sẹ́nu kámẹ́rà àtijọ́. Èèyàn lè fi òrùka kún àyè tó ṣẹ́kù, kò sí òrùka tó lè dín àyè kù.

Owó tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún Kérésì ni mo fi ra àdápítà náà. Kò tó ohun tí ọmọ SS3 mẹ́wàá máa dá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ so ó pọ̀, kámẹ́rà kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò rí lẹ́ńsì kankan lẹ́nu òun. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo rò pé mo ti jẹ gbèsè. Àṣé ibì kan wà nínú ètò kámẹ́rà tí èèyàn á ti gbà á láyè láti yàwòrán láìsí lẹ́ńsì. Mo gbà á láyè, ó gbà.

Mo wá fẹ́ sọ òtítọ́ tó ṣe mí ní ìtìjú, torí àwọn mọ́kànlá yẹn á sọ ọ́ bí mi ò bá sọ ọ́. Níbi ìpàdé mo ti fọ́nnu pé lẹ́ńsì 24mm máa ń ríran gbòòrò, pé yóò gba gbogbo kíláàsì wa láti ògiri dé ògiri. Mo gbé e wá, mo fẹ̀yìn ti pátákó, mo yà á. Ìlà méjì tó wà létí fèrèsé kò sí níbẹ̀. Ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ìdajì orí ni. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí aago fi lù.

Mo délé, mo sọ fún bàbá àgbà. Ó ní irọ́ ni, lẹ́ńsì òun kì í gé èèyàn dànù, gbogbo ẹbí ìyàwó ló máa ń gbà nínú pálọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ṣé fíìmù inú tiyín ló kéré ni?" Bàbá tí kò fọwọ́ kan kámẹ́rà oní-kọ̀ǹpútà rí o! Òun ló mọ̀ ọ́n. Fíìmù rẹ̀ fẹ̀ tó 36mm. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú kámẹ́rà wa kò ju 23.5mm. Lẹ́ńsì kò yí padà, àwòrán tó ń kó wọlé kò yí padà, àárín rẹ̀ nìkan ni sẹ́ńsọ̀ wa ń gbé, etí rẹ̀ ń ṣòfò sára ògiri inú kámẹ́rà. Ẹ ṣe é bí ìṣirò onígun mẹ́ta tí wọ́n kọ́ wa nínú Físíìsì: ẹ fi 24 pín 36, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní mítà 7, ẹ ó rí i pé fíìmù bàbá àgbà ń rí mítà mẹ́wàá ààbọ̀ lára ògiri. Ẹ wá fi 24 pín 23.5. Tiwa ò tó mítà 7. Lórí kámẹ́rà wa, 24mm ń ríran bíi 36mm, 28mm á sì di 42mm, tí kì í tiẹ̀ ṣe lẹ́ńsì gbòòrò mọ́. Kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù wà, Sony gbé A7 jáde ní 2013, ṣùgbọ́n a ò ní in, ká má tan ara wa. Àdápítà kan náà wà tó ní gíláàsì nínú, tó ń fún àwòrán pọ̀ kó lè wọ sẹ́ńsọ̀ kékeré. Ìyẹn dáa, àmọ́ ó wọ́n.

Nítorí náà mo gbà: lẹ́ńsì yìí ò lè ya SS3 nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ta ló ní inú kíláàsì la ti gbọ́dọ̀ yà wọ́n? Ọmọ SS3 jẹ́ 92. Ká tò wọ́n sí ìlà mẹ́rin, mẹ́tàlélógún ní ìlà kan, ká fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdajì mítà, mítà mọ́kànlá ààbọ̀ ni. Tí mo bá dúró ní mítà 13 sí wọn, lẹ́ńsì bàbá àgbà ń rí mítà méjìlá ó lé. Pápá tí a ti ń tò láàárọ̀ gùn ju ìyẹn lọ dáadáa. Mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kódà ó sàn kí èèyàn sún sẹ́yìn, torí bí lẹ́ńsì gbòòrò bá sún mọ́ èèyàn jù, ńṣe ló máa ń fa ojú àwọn tó wà ní ìkángun gùn bí gúgúrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Wọ́n tún sọ pé lẹ́ńsì náà kò lè wá fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ la fi ń yí i. Ẹ wá wo ohun tí bàbá àgbà fi hàn mí. Ó gba lẹ́ńsì náà lọ́wọ́ mi, kò wò ó, kò tiẹ̀ lè rí nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀. Ó fi ìka yí òrùka ihò ìmọ́lẹ̀, ó ń ka bó ṣe ń dún, kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó ní "f/8 nìyí." Mo wò ó, f/8 ni lóòótọ́. Ó ní kí n fi ibi jíjìnnà sí nǹkan bíi mítà 4, kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, kí n gbójú kúrò lórí kámẹ́rà kí n máa wo àwọn èèyàn. Ní f/8, pẹ̀lú lẹ́ńsì tó gbòòrò báyìí, láti nǹkan bíi mítà 2 títí dé òpin ibi tí ojú lè rí dé ló máa mọ́ kedere. Kò sóhun tí kámẹ́rà ń wá kiri. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra jù lè mú kí kámẹ́rà sọ àwòrán di ńlá lójú ẹ̀, tàbí kó fi àwọ̀ pupa kun etí ohun tó mọ́ kedere. Kámẹ́rà bàbá àgbà kò ní ìyẹn.

Ìṣòro kan wà tó gba sùúrù lọ́wọ́ mi. Àdápítà tí kò wọ́n kì í pé 28.5mm gẹ́lẹ́. Wọ́n máa ń ṣe é tín-ín-rín díẹ̀ kí lẹ́ńsì má baà kùnà láti rí ọ̀nà jíjìn. Tèmi rí bẹ́ẹ̀, torí náà nọ́ńbà mítà tó wà lára lẹ́ńsì ń purọ́. Mo fi tépù télọ̀ wọn mítà 4 láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí ìgi máńgòrò, mo fi kámẹ́rà wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo wá fi kútẹ́ẹ̀sì pupa àǹtí mi sàmì sí ibi tó yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ rí àmì pupa lára ẹ̀ tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ni, kútẹ́ẹ̀sì ni o.

Lẹ́ńsì 28mm yẹn ní tiẹ̀ kò wúlò. Inú ẹ̀ ti bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́, ó dà bíi pé aláǹtakùn gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra lẹ́ńsì àlòkù, kó kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀.

Mo sì mọ̀ pé eré ìje kò ṣeé fi ọwọ́ yà dáadáa. Ẹni tó ń sá ọgọ́rùn-ún mítà kò ní dúró de ẹni tó ń yí òrùka. Ẹgbẹ́ wa á nílò lẹ́ńsì tuntun lọ́jọ́ kan, mi ò jiyàn. Ohun tí mo ń bá jà ni pé SS3 ni ẹ ní kó rà á. Wọ́n ń ṣe WAEC, wọ́n ń lọ. Àwa tó kù la máa lo lẹ́ńsì náà lọ́dún tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e. Ṣé ẹni tó ń kó jáde nílé ló yẹ kó tún òrùlé ṣe?

Ìdí tó ga jù fún mi rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin parí ilé-ìwé lọ́dún tó kọjá. Wọ́n dá owó fọ́tò nígbà yẹn náà, kò rí i san lásìkò. Lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, wọ́n ní kí àwọn tí kò sanwó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kó àpò wọn fún un kó bá wọn mú un dání. Nígbà tí fọ́tò jáde, ọ̀kan nínú wọn gbé e wá sílé wa. Bàbá àgbà gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú ẹ̀, ó ń wá ọmọ ọmọ ẹ̀. Ó bi mí pé ìlà wo ló dúró sí. Ayàwòrán ni, kò gé ẹnikẹ́ni kúrò nínú fọ́tò rí nítorí owó, ẹ̀yìn ló máa ń gba owó ẹ̀. Mo ní ìlà ẹ̀yìn ni. Irọ́ ni mo pa.

Àwọn kan á ní ọjà bàbá mi àgbà ni mò ń polówó. Kò tà á o. Ó ní òun yá ẹgbẹ́ wa lò lọ́fẹ̀ẹ́ títí SS3 máa fi lọ.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn tí a bá ti jáde ní aago méjì, mo máa gbé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì náà sí pápá. Kí àwọn SS3 tó bá lè dúró wá tò sí ìlà mẹ́rin. Alábòójútó wa ti gbà pé a ó wo àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ká sì tún ìbò dì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bàbá àgbà ní òun máa bá mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan láti SS1 bá mi gbé àga kan sábẹ́ igi tó wà létí pápá, oòrùn ti ń mú wọn jù.