Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ gbogbo ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti agbègbè wọn! Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni. Ó ti di àṣà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá onímọ́tò pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń mísì, awakọ̀ ni ó bà á jẹ́, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó àtúnṣe lára owó oṣù rẹ̀. Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé àṣà yìí kò bá òfin mu, kò sì bá ọgbọ́n mu. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí àrùn wà, báwo ni ó ṣe mọ ẹni tí ó fà á?

Ẹ gbọ́ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, ní ọkọ̀ akérò oníjókòó méje tí ń ná Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ àti Emùré, ó sì gba awakọ̀ olówó oṣù sí i. Ọ̀gá yìí fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ máa sáré ju ti àwọn yòókù lọ, ó ní kí wọ́n fi tọ́bò kún ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi awakọ̀ léèrè. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mísì. Bí ó bá ṣófo, tí ó wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ́ńjìnnì a máa dún geere. Ṣùgbọ́n bí èrò bá kún un, tí ó kan òkè, tí awakọ̀ sì tẹná mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í já tì-tì-tì bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe, èéfín dúdú á máa rú lẹ́yìn rẹ̀.

Mẹkáníìkì ọ̀gá pàrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò lọ. Ó pàrọ̀ kọ́ìlì kan, lẹ́yìn náà ó pàrọ̀ èkejì, kò lọ. Ó fọ ìnjẹ́tọ̀, ó ra pọ́ǹpù epo tòkunbọ̀, síbẹ̀ kò lọ. Gbogbo rẹ̀ pátá, orí awakọ̀ ni wọ́n kà á sí. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi yọ ìdajì owó oṣù rẹ̀. Orí ọkọ̀ ni ó ń fọ́, orí awakọ̀ ni wọ́n ń bẹ́.

Kí ni òfin wí? Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1974, ní abala 5, sọ pé ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ yọ owó kankan lára owó iṣẹ́ àfi èyí tí òfin náà tàbí òfin mìíràn fọwọ́ sí. Bí ọ̀gá bá ní òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí pé ó ṣàìnáání iṣẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aṣojú ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Òfin kan náà sọ pé àpapọ̀ ohun tí a bá yọ ní oṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìdajì ni ọ̀gá yìí yọ, kò sì gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2024 ni òfin gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí ₦70,000. Ẹ yọ ìdajì rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún wa bí ènìyàn yóò ṣe fi ₦35,000 bọ́ ìyàwó àti ọmọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, a kò jà, a kò sì bú ẹnikẹ́ni. A ní kí wọ́n wá àrùn náà létòlétò lójú ọ̀gá, lójú awakọ̀, lójú àwa náà. Rìwáyà kan mú sìkánà wá. Nọ́ńbà tí ó jáde ni P0300. Bí ó bá jẹ́ sílíńdà kan ṣoṣo ni ó ń mísì, nọ́ńbà tirẹ̀ ni ì bá jáde: P0301 fún àkọ́kọ́, títí dé P0304 fún ìkẹrin. P0300 ń sọ pé kì í ṣe ojú kan. Nítorí náà, kí ni wọ́n ń ra kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan sí? Ohun tí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń lò ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò: epo àti afẹ́fẹ́.

A yẹ epo wò. Wọ́n fi géèjì wọn agbára rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń gòkè, kò já rárá. Wọ́n tú plọ́ọ̀gì, ó tutù, ó sì dúdú, èyí tí ó fi hàn pé epo pọ̀ jù, kò dín. Ó wá ku afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé tọ́bò díẹ̀. Alfred Büchi, ará Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1905. Èéfín tí ń jáde lọ lásán ni ó ń yí i, òun náà á sì máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì òde òní a máa ka iye afẹ́fẹ́ tí ó wọlé, yóò sì tú epo sí i ní ìwọ̀n rẹ̀. Bí họ́ọ̀sì bá ya lẹ́yìn ibi tí a ti ka afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sá lọ, epo rẹ̀ á kù sílẹ̀, iná kò sì ní lè tàn dáadáa.

Wọ́n fi ẹ̀rọ fọkanáísà fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú páìpù, wọ́n sì da omi ọṣẹ sí i lára. Lábẹ́ họ́ọ̀sì kan, níbi tí ojú kì í tó, omi ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Họ́ọ̀sì rédíétọ̀ ni wọ́n fi síbẹ̀ dípò ti tọ́bò, nítorí pé ó dínwó! Ọ́ìlì ti mú kí ó rọ̀, ó sì ti ya. Bí tọ́bò kò bá fẹ́ ẹ, ojú yíya náà a padé. Bí ó bá fẹ́ ẹ lórí òkè, a ṣí. Wọ́n pàrọ̀ rẹ̀, èéfín dúdú dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣì ń já díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá wọn àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì: mìlímítà 1.1 ni, bí ó ti rí kí wọ́n tó fi tọ́bò sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ti há mọ́ra nínú sílíńdà, ó máa ń ṣòro kí iná fo irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Wọ́n dín in sí 0.7. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ ń gòkè pẹ̀lú èrò méje láìkọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nínú àrùn méjèèjì yìí, èwo ni awakọ̀ fà? Ẹni tí ó ní kí wọ́n fi tọ́bò sí i tí kò fẹ́ náwó họ́ọ̀sì ni ó fà á.

Àwọn kan yóò sọ pé awakọ̀ a máa ra epo burúkú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn. Epo burúkú kì í ti ẹ̀bá ọ̀nà nìkan wá. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ ìjọba tí ń bójú tó epo, NMDPRA, fúnra rẹ̀ kéde pé lára epo bẹntiróòlù tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ wa, mẹ́táńọ́ọ̀lù pọ̀ ju ìwọ̀n lọ nínú àwọn kan. Inú ilé epo gidi ni àwọn ènìyàn ti rà á. Ṣé awakọ̀ ni ó kó ọkọ̀ ojú omi wọ èbúté?

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́ kí a tó rí àrùn, àti kí òfin tó fọwọ́ sí i. Èkejì, kí awakọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá a. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀gá tí ó bá yí ẹ́ńjìnnì padà kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì ru ẹrù rẹ̀. Ohun kan náà ni fún ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́: bí ẹ̀rọ bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé gbèsè kankan kí ẹ tó pe aṣojú ẹgbẹ́.

Ọ̀gá yẹn ti dá owó oṣù kan padà. Ó ku oṣù kan lọ́rùn rẹ̀, a ó sì gbà á. Awakọ̀ tí wọ́n bá ń yọ owó rẹ̀, kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹ̀ka.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!