ỌMỌ IGBÓMÌNÀ KAN, ÌPÍN MÉJÌ

Ọ̀rọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí yóò gba oyè jáde tí yóò sì wá iṣẹ́ ìjọba lọ. Ọmọ Ọ̀rà ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àbúrò bàbá mi obìnrin wà nílé ọkọ ní Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara, ibẹ̀ ni ó sì bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Igbómìnà ni wá níhìn-ín, Igbómìnà ni wọ́n lọ́hùn-ún. Bí egúngún Eléwe bá jáde, kò sí ẹni tí ń bi í pé ìpínlẹ̀ wo ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n bí èmi àti ọmọ àǹtí mi bá mú fọ́ọ̀mù kan náà lọ́wọ́, òun di ará Àríwá, èmi di ará Gúúsù.

Ta ni ó pín wa? Kì í ṣe àwọn baba wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa ààlà sáàárín Àríwá àti Gúúsù, apá kan Igbómìnà bọ́ sábẹ́ Ìlọrin; Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà bọ́ sí ìhà Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn kan nínú àwọn Yorùbá ìhà Ìlọrin àti Kàbà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn padà sọ́dọ̀ àwọn ará wọn. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n sì jábọ̀ ní 1958, ṣùgbọ́n ààlà kò yẹ̀. Wọ́n dá Kwara sílẹ̀ ní 1967, wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní 1991, síbẹ̀ ààlà àtijọ́ wà láàárín wa bí ó ti wà.

Lórí irú ààlà báyìí ni ètò kótà dúró. Òfin ìpìlẹ̀ ti 1979 ni ó kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ má di ti ẹ̀yà díẹ̀ tàbí ìpínlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú òfin ti 1999, ní abala 14, ẹsẹ̀ 3. Ní 1996 ni ìjọba dá àjọ tí gbogbo wa mọ̀ sí Federal Character Commission sílẹ̀ láti máa mójú tó o. Ìlànà àjọ náà ni pé kí ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan má dín ní ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n má sì ju ìdá 3 lọ. Ní ti ìwọlé sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà tí a mọ̀ ni ìdá 45 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí yunifásítì ká, àti ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀. Kwara wà nínú àwọn wọ̀nyí. Ọ̀ṣun kò sí níbẹ̀. Ọkọ àǹtí mi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Bàbá mi ń roko. Èwo nínú àwa ọmọ méjèèjì ni ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ nílé rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a da ètò náà nù. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Orílẹ̀-èdè tí àwọn kan bá ti gba gbogbo àga, tí àwọn yòókù ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, kò lè rójú. Ẹ̀rù tí ó bí ètò yìí kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ohun tí mo ń bá jà ni òṣùwọ̀n tí a fi ń pín in.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi wá iṣẹ́ lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba kan lẹ́yìn tí ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Wọ́n ní ó yege, ṣùgbọ́n ìpín Ọ̀ṣun ti kún. Nígbà tí ọkọ àǹtí mi gbọ́, ó wá sí Ọ̀rà, ó ní, "Àna mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wá sọ́dọ̀ wa. A ó bá a gba ìwé ọmọ onílùú níbẹ̀. Ṣebí Igbómìnà náà ni." Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a." Ẹ̀gbọ́n mi kò rí iṣẹ́ náà. Mo bu ọlá fún bàbá mi, ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi léèrè: irú òfin wo ni ó ń jẹ́ kí olóòótọ́ pàdánù kí òpùrọ́ sì jèrè?

Àwọn kan yóò ní, ṣebí kóòtù wà. Ọmọbìnrin kan láti Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama ìjọba àpapọ̀ ní 1988. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ nítorí pé máàkì tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ní 1996 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó parí rẹ̀, kò sì rí ohun tí ó bèèrè gbà. Ọmọ náà ti kọjá ọjọ́ orí ẹni tí ń wọ girama nígbà náà. Ní 2014, nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba pè, Adájọ́ John Tsoho dájọ́ pé irú ìyàtọ̀ máàkì bẹ́ẹ̀ lòdì sí abala 42, èyí tí ó ní kí a má fi ibi tí ènìyàn ti wá rẹ́ ẹ jẹ.

Ṣùgbọ́n ti ilé ìwé nìyẹn. Ní ti iṣẹ́ ìjọba, ẹsẹ̀ 3 nínú abala 42 kan náà sọ pé òfin tí ó bá pààlà sí yíyan ènìyàn sípò ìjọba kò ní tìtorí ìyẹn nìkan di asán. Ilẹ̀kùn kóòtù ṣí fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ó há. Àwọn tí ó wà lókè pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀: ní 2012, wọ́n kọ̀ láti búra fún Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo sípò ní Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, nítorí pé ọmọ Anambra ni, ìpín Abia tí í ṣe ilé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi yàn án. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó búra fún un.

Àwọn ará Íńdíà ti la irú ọ̀nà yìí kọjá. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Indra Sawhney, ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jù gbà kí ìjọba ya ìdá 27 nínú iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n yọ àwọn olówó inú wọn kúrò. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọlọ́rọ̀ kò nílò ìpín ọmọ tálákà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jẹ́ ẹ̀yà kan.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa. Èkíní, kí a máa wo ibi tí ọmọ ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti irú ilé tí ó ti jáde, kí a má wo ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ nìkan. Èkejì, kí ìpín ìpínlẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀. Ọgbọ̀n ni ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n bá ní ìpín Ọ̀ṣun kún, ta ni ń bèèrè pé mélòó ni ó ti Ìfẹ́dayọ̀ wá? Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa tẹ máàkì àti ìpín jáde, kí ẹni tí a bá rẹ́ jẹ lè rí ohun tí yóò mú lọ sí kóòtù.

Láìpẹ́ èmi náà yóò mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n bá ti bi mí ní ìpínlẹ̀ mi, Ọ̀ṣun ni n ó kọ. Kí ìjọba má jẹ́ kí n kábàámọ̀ rẹ̀.