Làádà Ni, Kì Í Ṣe Sàárà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó, ṣùgbọ́n ó ti ń wọ inú ilé wa. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London àti Amẹ́ríkà ti ń mú òbí wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, èyí tí ń gbé èèyàn láti èbúté dé èbúté fún ọjọ́ 7 tàbí 14, tí a ń jẹ tí a sì ń sùn nínú rẹ̀ bí ẹni wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹlòmíràn bá ti ibẹ̀ dé, kì í sọ ti òkun. Ti owó tíìpù ni yóò máa sọ. A sì máa fi yangàn pé òun lọ sí ọ́fíìsì inú ọkọ̀, òun ní kí wọ́n yọ owó náà kúrò, wọ́n sì yọ ọ́. Ìyangàn yìí ni mo dìde sí.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí owó náà jẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, wọn a máa kọ bí dọ́là 16 sí 20 sí ọrùn ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ dọ́là 18, tọkọtaya tí ó lo ọjọ́ 7 yóò san dọ́là 252. Ọmọ kékeré pàápàá ń san án nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá sì ra ọtí yóò rí i pé wọ́n ti fi bí ìdá 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó rẹ̀. Àwọn tí ń tún yàrá ṣe, àwọn tí ń gbé oúnjẹ, àti àwọn mìíràn tí èrò ọkọ̀ kì í fojú rí ni wọ́n ń pín owó ojoojúmọ́ náà fún.

Ta ni àwọn èèyàn wọ̀nyí? Púpọ̀ nínú wọn wá láti Philippines, India àti Indonesia. Oṣù 6 sí 9 ni wọ́n sábà máa ń lò lórí omi kí wọ́n tó relé, ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ ojú omi, tí wọ́n ṣe ní 2006 tí ó sì fìdí múlẹ̀ ní 2013, gbà pé kí a fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní ìsinmi wákàtí 77 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ yọ 77 kúrò, ẹ ó rí i pé 91 ṣẹ́kù tí a lè fi kó wọn ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ará, àlejò bí tiwa ni wọ́n. Àwa tí àwọn bàbá wa wọ reluwé dé Kano, tí a jókòó sí Sabon Gari, tí a ń fi owó ránṣẹ́ sílé kí a tó ra ẹ̀wù sọ́rùn ara wa, bí a kò bá mọ ìyà ẹni tí ó lọ sí àjò nítorí ọmọ, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

Àwọn kan ní, “Mo ti san owó ọkọ̀ mi.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa oníṣòwò mọ̀ pé owó kò jọ owó. Èènì ni ohun tí olùtajà fi lé ọjà fún oníbàárà. Sàárà ni èyí tí a fún aláìní nítorí Ọlọ́run. Rìbá ni èyí tí a fi ra ojú ẹni tí ó wà ní ipò. Làádà ni èyí tí ó tọ́ sí ẹni tí ó bá wa ṣe wàhálà. Ẹni tí ó bá ti ọwọ́ dillali ra màlúù lọ́jà, tí ó wá gba ẹ̀yìn ọjà sá lọ láìsan làádà, lè pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ọjà mọ orúkọ tí yóò pè é. Làádà ni tíìpù inú ọkọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí owó ọkọ̀ lè kéré lójú wa. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kò fìyà jẹ ilé iṣẹ́ o. Ẹni tí ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni ó fìyà jẹ.

Àwọn mìíràn ní, “Mo ti ṣàdúrà fún un.” Àdúrà dára, ṣùgbọ́n a kì í fi àdúrà san owó ilé ìwé ọmọ ní Manila.

Àwọn kan sì wà tí ń ná owó bí ẹni wà lóde ijó, tí wọn a fi ọgọ́rùn-ún dọ́là lé agbáwo lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní kí ó lè máa kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Èyí ti kúrò ní làádà, ó ti di rìbá.

Ẹjọ́ tòótọ́ wà lọ́rùn àwọn ilé iṣẹ́. Èbúté Miami ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn ti ń gbéra, ṣùgbọ́n Bahamas, Panama tàbí Bermuda ni wọ́n ti forúkọ wọn sílẹ̀, òfin Amẹ́ríkà lórí owó iṣẹ́ tí ó kéré jù kò sì kan òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ tí ó ta àsíá ilẹ̀ mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò sí ọ̀nà mìíràn. P&O Cruises ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé tíìpù ojoojúmọ́ ní 2019, Marella náà kó o pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀, ọkọ̀ wọn kò sì rì.

Nítorí náà, ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ yìí, kí ó fi ìwọ̀nyí sọ́kàn. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá tíìpù wà nínú owó ọkọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ọmọ tí ń ra tíkẹ́ẹ̀tì san án tẹ́lẹ̀, kí òbí má baà bá a lójijì lọ́jọ́ ìkẹyìn. Bí iṣẹ́ wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún ọ̀gá wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi yíyọ owó gbẹ̀san. Bí ẹni tí ń tún yàrá yín ṣe bá ṣe dáadáa, ẹ fi dọ́là díẹ̀ sí àpò ìwé fún un ní alẹ́ ìkẹyìn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Kí ó jẹ́ owó bébà, nítorí owó ẹyọ ṣòro láti pààrọ̀ nílẹ̀ mìíràn. Ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn ọ́físà rẹ̀ kì í gba tíìpù, ẹ má nawọ́ rẹ̀ sí wọn. Alábàárù tí ó bá gba ẹrù yín ní èbúté Amẹ́ríkà, dọ́là 1 tàbí 2 lórí àpótí kan tó o. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní Japan, ẹ fi owó yín sápò, nítorí àṣà wọn kò gba tíìpù. Ọpẹ́ àti ìtẹríba tó wọn.

Àbá tí mo mú wá fún ẹ̀ka wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má tún fi “mo ní kí wọ́n yọ ọ́” ṣe ìtàn akọni nínú ìpàdé wa mọ́. Ẹni tí inú ń bí, kí ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pé kí wọ́n san owó iṣẹ́ pé. Èmi akọ̀wé yóò bá a kọ ọ́, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ san làádà aláàárẹ̀.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹ̀ka